Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́sìlì Òkun Tíntìntín Mọ Ọjọ́ Orí Ìpele Àpáta

Ẹni tó bá ń gbé Èkó, ì báà jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó, ì báà jẹ́ Yábàá tàbí Àkọkà, orí yanrìn ló ń gbé. Wọ́n lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé títí omi á fi ru jáde, wọn ò ní kan àpáta. Àpáta wà nísàlẹ̀ o, ìpele lórí ìpele: amọ̀ tó ti le, òkúta ẹfun, yanrìn tó ti dì. Òkun ló tẹ́ púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀. Wọ́n wà lára agbada ilẹ̀ ńlá tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Dahomey Basin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, tó gba Tógò àti Benin kọjá, tó sì nà dé ẹ̀gbẹ́ Niger Delta. Ní Èkó, ìpele wọ̀nyí jìn sísàlẹ̀. Ní Ewékorò àti Ṣágámù, nípìńlẹ̀ Ògùn, wọ́n sún mọ́ òkè débi pé àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ń fi katakata wà wọ́n.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí: wọ́n gbé ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan fún yín láti inú kànga jíjìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ lù létí òkun, wọ́n sì gbé òmíràn wá láti ojú kòtò Ewékorò. Báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá ìgbà kan náà ni wọ́n balẹ̀? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Amọ̀ dúdú ti balẹ̀ sínú òkun wa láìmọye ìgbà.

Ohun tó ń jẹ́ kí fọ́sìlì sọ ọjọ́ orí

Fọ́sìlì ni ohun tó kù lára ẹ̀dá àtijọ́ nínú àpáta. Àwọn ẹ̀dá méjì ló ń ṣiṣẹ́ jù fún wa níhìn-ín. Èkíní ni foraminifera, tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní fóráàmù. Sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ni, ó ń kọ́ ikarahun oníyàrá-yàrá sára, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà sí mìlímítà kan lọ. Èkejì ni nánò, àwo ẹfun tó bo ara ewéko òkun onísẹ́ẹ̀lì kan. Èyí kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ gan-an: máíkírónù 2 sí 20, bẹ́ẹ̀ máíkírónù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Tí ẹ̀dá wọ̀nyí bá kú, ikarahun wọn á rọ̀ sísàlẹ̀ òkun bí òjò, amọ̀ á bò wọ́n.

Bí èèyàn bá mú fọ́tò òde àtijọ́ kan dání, tó wo irú gèlè tí wọ́n wé àti irú bùbá tí wọ́n rán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún tí wọ́n yà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóráàmù àti nánò ṣe rí. Ẹ̀yà kan á yọ, á tàn káàkiri òkun, á lo ìgbà tirẹ̀, á sì kú àkúrun, kò ní padà mọ́. Nítorí náà, rírí tí ẹ rí ẹ̀yà kan nínú amọ̀ kò tíì tó. Ẹ̀yà kan lè wà láyé fún mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá. Ibi tó ti yọ àti ibi tó ti parí nínú ìpele ni ọjọ́ orí wà. Gbogbo bá a ṣe ń gba sáńpù, bá a ṣe ń fọ̀ ọ́, bá a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀, ká lè mú ibi méjèèjì yìí láìṣìmú ni.

Nínú fóráàmù, ẹ ya àwọn tó ń léfòó sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkun. Àwọn tó ń léfòó ni ìṣàn omi òkun ń gbé lọ sí òkun jíjìn káàkiri, àwọn la fi ń mọ ọjọ́ orí. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkun ń tẹ̀ lé bí omi ṣe jìn tó àti irú ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n dára fún mímọ bí òkun ṣe jìn tó nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè kúrò níbì kan kí wọ́n tún padà wá nígbà tí omi bá yí padà.

Gbígba sáńpù

Ní kòtò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kẹ́ ẹ sì béèrè àkókò tí wọ́n máa ń yin àpáta. Akoto, bàtà onírin lẹ́nu àti ẹ̀wù tó ń tàn kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ má dúró sábẹ́ ògiri tó ti gẹ̀ síta, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, èrúnrún tó ń já bọ́ á ba ojú ibi tẹ́ ẹ máa gbà sáńpù lẹ́yìn. Ẹ fi òòlù gbẹ́ ojú ògiri wọlé tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà kẹ́ ẹ tó mú nǹkankan, torí òjò ti fọ ẹfun kúrò lójú ìta. Amọ̀ tó ti di pípọ́n tàbí àwọ̀ ìpẹtà, fọ́sìlì rẹ̀ ti yọ́ lọ. Èyí tó ṣì dúdú tàbí tó rí bí eérú ni kẹ́ ẹ wá. Gíráàmù 300 sí 500 tó fún sáńpù kan. Láàárín amọ̀ tó rí bákan náà, sáńpù kan ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan ti tó. Níbi tí òkúta ti yí padà, ẹ gbà á ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní Ewékorò, ibi tí òkúta ẹfun ti parí tí amọ̀ Akinbo bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Òkúta ẹfun líle kì í fọ́ nínú omi, ẹ má fìyà jẹ ẹ́. Ẹ wá amọ̀ tó wà láàárín rẹ̀, ì báà jẹ́ tín-ín-rín. Èyí tó bá le jù, ẹ gbé e fún ẹni tó ń gé òkúta, kó gé e títí tí kò fi ní nípọn ju máíkírónù 30 lọ, kẹ́ ẹ wo ikarahun náà ní gígé.

Ẹ fọ ẹnu òòlù láàárín sáńpù kan sí èkejì. Ẹ kọ nọ́ńbà àti gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ògiri sára náílọ́ọ̀nù níbi méjì, torí fífi ara ra ara lójú ọ̀nà máa ń pa máákà rẹ́. Ẹ tún kọ ọ́ sí bébà kékeré, ẹ fi bébà náà sínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi í sínú àpò. Amọ̀ tútù máa ń jẹ bébà.

Ti kànga yàtọ̀. Èrúnrún tí ẹ̀rọ lù kúrò nísàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fún sínú kànga ń gbé wá sókè, wọ́n sì sábà máa ń kó o ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ béèrè èyí tí wọn kò tíì fọ̀. Tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ lójú iṣẹ́, amọ̀ tó gbé nánò ti ṣàn lọ. Ẹ tún gba ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ti fi páìpù irin dá ògiri kànga dúró, irú ẹrẹ̀ tí wọ́n lò àti irú ẹnu ẹ̀rọ tó lu ilẹ̀. Àwọn ẹnu ẹ̀rọ kan máa ń lọ àpáta kúnná débi pé fóráàmù á fọ́ yángá. Níbẹ̀, nánò ló máa gbà yín.

Fífọ sáńpù fún fóráàmù

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní láàbù ńlá: yàrá kékeré tó ní omi, fèrèsé méjì, ọ́ọ̀fùn kan àti iná tó dúró déédéé lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ máa nílò asẹ́ onírin tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírónù 63, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́. Asẹ́ èlùbọ́ tàbí ti ògì kò lè rọ́pò rẹ̀, ihò wọn ti tóbi jù. Ẹ ní òṣùwọ̀n, abọ́ onírin tàbí ti gíláàsì, kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, bébà ìsẹ́ àti àwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní methylene blue. Ẹ lè rí àwọn kẹ́míkà rà lọ́jà kẹ́míkà ní Òjòtá.

1. Ẹ sá sáńpù gbẹ nínú ọ́ọ̀fùn ní 50°C, kò gbọdọ̀ kọjá 60. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ti ìlẹ̀kùn ọ́ọ̀fùn pa, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kí iná dé; ẹ má gbé e sórí sítóòfù. Gbígbẹ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí kẹrosíìnì kò lè wọ inú amọ̀ tí omi ti kún tẹ́lẹ̀.

2. Ẹ fi ọwọ́ tàbí òòlù kékeré fọ́ ọ sí ègé sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má gún un. Ẹ wọn gíráàmù 50 fún ti kòtò, 25 fún ti kànga, kí gbogbo sáńpù iṣẹ́ kan sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, iye tẹ́ ẹ bá kà kò ní ṣeé fi wéra.

3. Ẹ da kẹrosíìnì lé e títí yóò fi borí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ bò ó, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò gbọdọ̀ sí iná, sìgá, gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, kí fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

4. Ẹ sẹ́ kẹrosíìnì náà padà sínú ìgò rẹ̀. Ó ṣeé tún lò fún sáńpù mìíràn tẹ́ ẹ bá fi bébà ìsẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà Èkó, inú ọ̀sà ló ń lọ.

5. Láìjẹ́ kó gbẹ, ẹ da omi gbígbóná tí wọ́n ti sè níbòmíràn lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín á rí i: omi á máa lé kẹrosíìnì jáde nínú àwọn ihò kéékèèké, ègé amọ̀ á máa là, á máa ṣí bébà-bébà, títí á fi di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì kan ọṣẹ ìfọṣọ sí i, kẹ́ ẹ tún fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀.

6. Ẹ da ẹrẹ̀ náà sórí asẹ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi tó rọra ń ṣàn fọ̀ ọ́. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ rà á mọ́ asẹ́; fóráàmù tó lẹ́gẹ́ jù lọ ló máa ń ní ìtumọ̀ jù, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ fọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi kún borí etí asẹ́. Ẹ ṣe é títí omi tó ń jáde nísàlẹ̀ á fi mọ́ kedere.

7. Ẹ tẹ asẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi omi darí ohun tó kù sórí bébà ìsẹ́, kẹ́ ẹ sá a ní 50°C. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ máíkírónù 250 àti 150 pín in sí mẹ́ta: ńlá, àárín àti kékeré.

8. Kẹ́ ẹ tó fọ sáńpù tó kàn, ẹ fi búrọ́ṣì fọ asẹ́ láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì rì í sínú methylene blue. Fóráàmù èyíkéyìí tó bá há sínú ihò asẹ́ á di búlúù. Tẹ́ ẹ bá wá rí búlúù nínú sáńpù kejì, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọjọ́ orí gbogbo kànga lè yí padà nítorí ikarahun kan ṣoṣo tó sá láti inú sáńpù tẹ́ ẹ fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí amọ̀ kò bá fọ́, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tún un ṣe láti ìgbésẹ̀ kẹta. Ìgbà mìíràn, ìgbà kejì ló máa ń gbà. Àwọn kan máa ń sáré lo hydrogen peroxide. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ yẹ amọ̀ wò dáadáa ná. Tí ohun wínníwínní tó ń dán bíi wúrà bá wà nínú rẹ̀, páíráìtì ni, pyrite lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Peroxide á sọ ọ́ di ásíìdì súfúríìkì, ásíìdì náà á jẹ gbogbo ikarahun, ẹ̀yin á sì kọ sílẹ̀ pé sáńpù náà kò ní fọ́sìlì. Amọ̀ dúdú agbègbè wa sábà máa ń ní pyrite.

Èrúnrún kànga tí wọ́n fi ẹrẹ̀ olóròóró lù, ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òróró á fi kúrò, kẹ́ ẹ tó sá a. Tẹ́ ẹ bá rí èèpo ẹ̀pà tàbí okùn tín-ín-rín nínú rẹ̀, wọ́n dà á sínú kànga láti dí ibi tí ẹrẹ̀ ti ń jò ni.

Nánò: ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò

Ọ̀pọ̀ omi bọ́ọ̀hóòlù Èkó ní ásíìdì díẹ̀, torí inú yanrìn tí kò ní ẹfun ló ti ń wá. Èèyàn lè máà mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n nánò mọ̀ ọ́n. Ẹfun máíkírónù márùn-ún kò lè pẹ́ nínú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bébà pH, èyí tó ń fi bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó hàn, dán an wò, ti inú ọ̀rá náà pẹ̀lú. Tí kò bá tó 7, ẹ kán amóníà díẹ̀díẹ̀ sí omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ títí yóò fi wọ 8 sí 8.5, kó sì jẹ́ pé òun nìkan lẹ máa lò. Ẹ fi irú omi yìí ṣan fóráàmù náà nígbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán.

Ẹ fi abẹ tuntun ha ojú amọ̀ kúrò, kẹ́ ẹ mú díẹ̀ láti inú, ìwọ̀n orí ìṣáná. Ẹ fi í sórí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi bo síláìdì, ẹ kán omi kan sí i, ẹ fi ìtayín tẹ́ ẹ káàkiri títí á fi fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ ìtayín náà nù. Ìtayín kan, sáńpù kan. Ẹ sá a lórí irin gbígbóná. Ẹ kán gọ́ọ̀mù Norland 61 sórí síláìdì, ẹ da ojú gíláàsì náà bò ó, kẹ́ ẹ fi ìmọ́lẹ̀ UV mú un gan. Tẹ́ ẹ bá gbé síláìdì sí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ò lè rí lẹ́tà ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti nípọn jù. Ẹ tún un ṣe.

Nídìí máíkírósíkópù

Fóráàmù kò gba agbára púpọ̀: máíkírósíkópù olójú méjì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 20 sí 80 ti tó. Ẹ wọ́n sáńpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwo dúdú onílà, ẹ fi búrọ́ṣì 000 tí ẹ ti rẹ sómi díẹ̀ mú ikarahun lọ́kọ̀ọ̀kan sórí síláìdì oníhò. Ikarahun 300 ló tó fún kíkà, ṣùgbọ́n fún wíwá ẹ̀yà tó ń sọ ọjọ́ orí, ẹ yẹ gbogbo ohun tó wà nínú àwo wò. Ó lè jẹ́ méjì péré ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rinrin Èkó máa ń mú kí gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ ikarahun mọ́ síláìdì hu funfun. Ẹ kán òróró kànáfùrù kan sínú gọ́ọ̀mù náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń pò ó, kẹ́ ẹ sì tọ́jú síláìdì sínú àpótí tó ní silica gel.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ kan fínnífínní: Morozovella velascoensis. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sókè, ẹ ó rí i pé apá kan tẹ́ pẹrẹsẹ, apá kejì yọ ṣóńṣó. Ẹ yí apá ṣóńṣó náà sókè: ihò gbòòrò kan wà láàárín, èjìká àwọn yàrá rẹ̀ yí ihò náà ká, wọ́n rí gbágungbàgun bí ẹni pé wọ́n fi ilẹ̀kẹ̀ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, etí ìta rẹ̀ sì ní ìgbátí oníṣóńṣó. Ìparí Paleocene àti ìbẹ̀rẹ̀ Eocene, ìgbà méjì tó tẹ̀ léra nínú ìtàn ilẹ̀ ayé, ni ìgbà rẹ̀, ó kú àkúrun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 55.2 ọdún sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú amọ̀ tí kò tíì yí ibùgbé padà, amọ̀ yẹn kò lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nánò ń fẹ́ ìlọ́po 1,000, òróró lórí lẹ́ńsì àti gíláàsì méjì (polarizer) tó ń darí ìmọ́lẹ̀ ní ìdábùú ara wọn. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ kókólíìtì, ìyẹn àwo ẹfun nánò, á tàn, àgbélébùú dúdú á sì hàn láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Discoaster, àwọn oníràwọ̀, kì í tàn. Ẹ ṣí ìmọ́lẹ̀ padà sí lásán kẹ́ ẹ tó lè rí wọn dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ èyí á wo síláìdì tán, á sì kọ̀wé pé Discoaster kò sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n kún ibẹ̀. Ẹ wo ojú lẹ́ńsì 200 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀yà kan kò sí.

Láti orúkọ dé ọdún

Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fún sáà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkókò láàárín àmì ẹ̀yà kan sí òmíràn, ló ń jẹ́ kí èdè wa ṣọ̀kan. Fún nánò, ètò tí Erlend Martini gbé jáde ní 1971 la ṣì ń lò jù: NP1 dé NP25, lẹ́yìn náà NN1 dé NN21. Fún fóráàmù tó ń léfòó, P ni Paleocene, E ni Eocene, O ni Oligocene, M ni Miocene, PL ni Pliocene, PT ni Pleistocene. Díẹ̀ lára àmì tó wúlò nìyí, ní mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àtẹ ọjọ́ orí ilẹ̀ ti àgbáyé, ti ọdún 2012:

- Discoaster brouweri, ràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, parí ní 1.93
- Discoaster pentaradiatus, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, parí ní 2.39
- Discoaster surculus, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí orí ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí mẹ́ta, parí ní 2.49
- Discoaster tamalis, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, parí ní 2.80
- Orbulina suturalis, tí yàrá ìkẹyìn rẹ̀ rí róbótó tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn tó kù mì, bẹ̀rẹ̀ ní 15.10
- Hantkenina, tí yàrá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ẹ̀gún, parí ní 33.9, òpin Eocene
- Globotruncana, tí ìgbátí méjì yí etí rẹ̀ ká, parí ní 66.0, òpin Cretaceous, ìgbà tó ṣáájú Paleocene

Ojú ibi tí gbogbo ayé ti ń wọn ìbẹ̀rẹ̀ Paleocene, El Kef ní Túnísíà ló wà. Ti Eocene wà ní Dababiya ní Íjíbítì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n méjèèjì.

Nínú kànga, ìparí ẹ̀yà ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ má lo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé amọ̀ láti ara ògiri kànga lókè máa ń já bọ́ sínú ẹrẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń lu ìsàlẹ̀. Ẹ̀yà tó kéré lọ́jọ́ orí lè tipa bẹ́ẹ̀ hàn ní ìsàlẹ̀ tí kò dé rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ìsàlẹ̀ kò lè já bọ́ sókè. Nítorí náà, ibi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ti pàdé ẹ̀yà kan bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìparí rẹ̀ gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti fi páìpù irin dá ògiri dúró, jíjábọ́ á dínkù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní kòtò tàbí nínú àpáta tí wọ́n gé jáde lódindi, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ló ṣeé lò.

Ká sọ pé D. brouweri kọ́kọ́ hàn ní 1,200 mítà, D. surculus sì kọ́kọ́ hàn ní 1,480. Mítà 280 balẹ̀ láàárín 1.93 àti 2.49, ìyẹn mílíọ̀nù ọdún 0.56. Ẹ pín in: mítà 500 fún mílíọ̀nù ọdún kan. Ohun tó wà ní 1,340 á jẹ́ 1.93 pẹ̀lú 0.28, ìyẹn 2.21. Ẹ wá fi D. pentaradiatus yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kó hàn ní nǹkan bíi 1,430. Tó bá jẹ́ ní 1,480 kan náà ló bá D. surculus jáde, ẹ dúró. Bóyá ìpele kan ti sọnù níbẹ̀, bóyá amọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni kò pa nánò mọ́ dáadáa. Ẹ padà sí síláìdì 1,430 sí 1,470 kẹ́ ẹ wo bí àwọn ẹ̀yà yòókù ṣe rí. Tí etí wọn bá ti jẹ, yíyọ́ ni. Tí wọ́n bá pé tí wọ́n sì mọ́, tí pentaradiatus kò sì sí, ẹ̀rí pé ìpele sọnù lágbára nìyẹn.

Sáńpù mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá kò lè sọ ju ara rẹ̀ lọ. Ní mítà 500 fún mílíọ̀nù ọdún, mítà mẹ́wàá jẹ́ 20,000 ọdún. Ìwọ̀n àìdánilójú tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ nìyẹn, ó kéré tán.

Fọ́sìlì àgbà nínú amọ̀ ọmọdé ni ìṣòro kejì. Odò lè wú àpáta àtijọ́, kó kó ikarahun rẹ̀ wá sínú òkun tuntun. Ẹ̀yà Globotruncana kan ṣoṣo láàárín ogunlọ́gọ̀ ẹ̀yà Eocene kò sọ amọ̀ náà di Cretaceous. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ wo bó ṣe jẹ tó. Àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí tí kò já bọ́ láti òkè ló ni ọ̀rọ̀.

Síso ibi méjì pọ̀

Ẹ fa ìlà láàárín ìparí kan náà ní kànga méjèèjì, kì í ṣe láàárín ìjìnlẹ̀ kan náà, kì í sì í ṣe láàárín àwọ̀ kan náà. Ìlà kò gbọdọ̀ gba orí ara wọn kọjá. Tí méjì bá gba orí ara wọn, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ìparí òtítọ́.

Ọ̀nà tí Alan Shaw fi lọ́lẹ̀ ní 1964 ló tẹ́ wa lọ́rùn jù. Ẹ fi ìjìnlẹ̀ kànga kìíní sí ìlà ìsàlẹ̀ bébà, ti èkejì sí ìlà ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi àmì kan dúró fún ìparí kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì á tò sórí ìlà kan. Ibi tí ìlà bá ti tẹ́ gbọọrọ, kànga kìíní ń gba amọ̀ níbẹ̀, ti èkejì kò ní nǹkankan: ìpele ti sọnù nínú èkejì. Àmì tó bá jìnnà sí ìlà nìkan, ẹ padà lọ yẹ síláìdì rẹ̀ wò.

Ẹ má retí pé gbogbo ẹ̀yà yọ lọ́jọ́ kan náà káàkiri ayé. Globorotalia truncatulinoides yọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì ní ohun tó lé ní 500,000 ọdún kó tó dé Àtìláńtíìkì. Ẹ lo àmì méjì tàbí mẹ́ta níbi kọ̀ọ̀kan, fóráàmù àti nánò lápapọ̀.

Tí amọ̀ bá wá láti etí ọ̀sà tàbí ẹnu odò, ẹ̀yà tó ń léfòó lè máà sí rárá, kó jẹ́ pé Ammonia nìkan, fóráàmù kan tó ń gbé ilẹ̀ omi (kì í ṣe amóníà inú ìgò), lẹ rí. Ìyẹn sọ pé omi kò jìn, kò sọ ọjọ́ orí. Níbẹ̀, àwọn tó ń ka èérún òdòdó àtijọ́ ló lè ràn yín lọ́wọ́. Hydrofluoric acid ni wọ́n fi ń jẹ àpáta kúrò lára rẹ̀, ó sì ń wọ ara dé egungun. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde, ìbọ̀wọ́ tó tọ́ àti jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate nítòsí.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀

Fún àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà, ìjìnlẹ̀ tó ti hàn, ìjìnlẹ̀ sáńpù tó wà lókè rẹ̀ tí kò ti hàn, sáà rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti ọdún àtẹ tí ẹ ti mú nọ́ńbà náà, torí nọ́ńbà ti 2012 àti ti 2020 kò bára mu níbi gbogbo. Sáńpù tí kò ní fọ́sìlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú ìdajì sáńpù tí ẹ kò fọ̀, pẹ̀lú síláìdì, kí ẹlòmíràn lè yẹ iṣẹ́ yín wò.